Òkun Kan Nínú Igun Yàrá

Kí n tó kúrò ní Àjàṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin rán mi níṣẹ́ kan. Wọ́n ní bí mo bá dé Paris, kí n bá wọn bi ọmọ wọn léèrè ohun tí ó ń fi omi ṣe. Wọ́n ti gbọ́ lẹ́nu ará ilé kan pé ó ra àpótí dígí ńlá kan, pé ó kó ẹja sí i, pé gbogbo ẹja náà kú, àti pé ó tún ti ń ra nǹkan mìíràn sí i. Òjò sì ń bọ̀. Páànù ilé bàbá wa ti jẹrà ní ìhà kan, abọ́ mẹ́ta ni a ń gbé kalẹ̀ sí pálọ̀ nígbàkúùgbà tí òjò bá ṣú. "Bá mi sọ fún un," ni ẹ̀gbọ́n mi wí, "pé omi pọ̀ nílé."

Iṣẹ́ tí mo gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú nìyẹn ní oṣù kẹta ọdún.

Montreuil fara ti Paris ní ìhà ìlà-oòrùn. Àwọn ará Mali pọ̀ níbẹ̀ débi pé èdè Bambara ni etí mi kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí a jáde láti inú métro. Àjà kẹta ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, òun, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọbìnrin wọn kan tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Iṣẹ́ òru ni ó ń ṣe. Igun kan wà nínú pálọ̀ wọn tí oòrùn kì í dé. Ibẹ̀ ni mo ti rí àpótí náà, òfìfo, tí wọ́n fi aṣọ ògbólógbòó bò. Mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ó má baà di ẹrù sí mi lọ́rùn. Kò jiyàn. Ó kàn ní, "Tonton, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dé ibì kan lọ́la ná, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́."

Ibi tí ó mú mi lọ ni Ààfin Porte Dorée, ní etí igbó Vincennes. Wọ́n kọ́ ọ fún ìpàtẹ ńlá ti ọdún 1931, èyí tí ìjọba Faransé ṣe láti fi àwọn ilẹ̀ tí ó ń jọba lé lórí han ayé. Dahomey ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wa nígbà náà, a sì wà lára wọn. Albert Laprade ni ó ya àwòrán ilé náà. Alfred Janniot ni ó ni iṣẹ́ ọnà tí wọ́n gbẹ́ sí ògiri iwájú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: erin, ọkọ̀ ojú omi, àwọn tí ń kórè, àwọn tí ń ru ẹrù, àwọn tí ń pẹja. Mo dúró pẹ́ níwájú ògiri yẹn. Iṣẹ́ ọwọ́ náà dára. Ohun tí ó ń sọ ni kò dùn mọ́ mi nínú, nítorí gbogbo ẹrù tí ó wà níbẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n dojú kọ. Láti ọdún 2007, inú ilé kan náà ni wọ́n kó ìtàn àwọn tó ṣí wá sí Faransé pamọ́ sí. Ilé tí wọ́n kọ́ láti fi wá han ará Paris ni ó ń sọ báyìí bí àwa náà ṣe di ará Paris.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ògiri ni a bá wá. Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni a sọ̀ kalẹ̀ sí, níbi tí wọ́n ti ń sin ẹja láti ìgbà ìpàtẹ yẹn. Orúkọ ilé tí ó wà lórí wọn ti yí padà léraléra. Àwọn ẹja kò mọ̀. A kọjá lára àwọn ọ̀nì Mississippi tí gbogbo ọmọdé ń sáré lọ wò, a sì dúró níwájú àpótí kan tí iná aláwọ̀ aró ń tàn sí. Mo rí ohun tí mo pè ní òdòdó, wọ́n ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́ nínú omi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹranko ni gbogbo wọn: ẹnu kan, ọwọ́ wínníwínní tí ó yí ẹnu náà ká, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ so pọ̀ sórí ilé kan tí ó dà bí ẹfun, tí àwọn fúnra wọn mọ. Inú ẹran ara wọn ni ewéko tí ojú lásán kò lè rí ń gbé. Ewéko náà ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, ẹranko náà ń jẹ nínú rẹ̀, ó sì ń fún ewéko ní ibùgbé. Bí omi bá gbóná jù, àjọgbé náà á tú. Ẹranko náà á di funfun, bí ó bá sì pẹ́, ebi á pa á.

Iyùn ni mo ń pè é nínú ìwé yìí, nítorí èdè wa kò fún mi ní orúkọ mìíràn. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé ohun tí àwọn ọba wa ń fi sọ́rùn ni mo rí. Iyùn pupa ti ọrùn ọba, Òkun Mẹditaréníà ni ó ti wá, láti ibi tí ó ṣókùnkùn nínú omi, àwọn oníṣòwò Pọtogí sì wà lára àwọn tí ó kó o dé etíkun wa láyé àtijọ́. Egungun rẹ̀ nìkan ni ó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ti kúnlẹ̀ níwájú ìlẹ̀kẹ̀ yẹn ju ìgbà kan lọ láìmọ̀ pé ó ti fi ẹnu jẹun rí.

Mo bi í pé kí ló dé tí irú àpáta iyùn báyìí kò sí ní Kútọnu, tí òkun wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ní omi tó mọ́ gaara, tó sì gbóná déédéé, ni wọ́n ń fẹ́. Ouémé, Mono, Volta àti Ọya ń tú ẹrẹ̀ àti omi dídùn sínú òkun tiwa. Láàrin oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù tún máa ń rú láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Ẹja fẹ́ràn omi bẹ́ẹ̀, nítorí oúnjẹ pọ̀ nínú rẹ̀. Àpáta iyùn kò lè dúró níbẹ̀.

Bí a ṣe ń padà lọ, ó sọ ìtàn obìnrin kan fún mi tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa mọ̀. Jeanne Villepreux ni orúkọ rẹ̀; abúlé Juillac ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1794, aṣọ ni ó sì ń rán ní Paris. Ó fẹ́ oníṣòwò kan, wọ́n jọ lọ gbé ní Messina, ní erékùṣù Sicily. Ní àkókò yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé ń jiyàn lórí ẹranko òkun kan tí wọ́n ń pè ní argonaute: ṣé òun ni ó mọ ìkarahun rẹ̀, àbí ó jí i lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Wọn kò yéé jiyàn. Ní ọdún 1832, aránṣọ yìí ní kí wọ́n bá òun ṣe àpótí dígí, ó bu omi òkun sí i, ó kó àwọn ọmọ argonaute sínú rẹ̀, ó sì jókòó ti ẹranko náà títí ó fi rí i tí ó ń mọ ilé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí ó fi irú àpótí bẹ́ẹ̀ wo ohun abẹ̀mí inú òkun.

Nígbà tí a délé, ó ṣí aṣọ kúrò lórí tirẹ̀.

Ojú márùn-ún ni àpótí náà ní. Méjì fẹ̀yìn ti ògiri méjèèjì tí ó pàdé ní igun, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 70 sẹ̀ǹtímítà; ẹ̀gbẹ́ méjì kúkúrú, 35 sẹ̀ǹtímítà; ojú iwájú sì gé igun náà sọdá. Àwọn kan wà tí ojú iwájú wọn tẹ̀ bí ikùn, wọ́n sì lẹ́wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n dígí tí ó tẹ̀ máa ń yí ẹja padà lójú ẹni tí ń wò ó, ó sì ṣòro láti nù. Mo ní kí ló dé tí kò ra àpótí onígun mẹ́rin bí àwọn ẹlòmíràn. Ìdáhùn kìíní ni pé yàrá náà kéré. Ìkejì ni ó yé mi jù. Omi tí yóò wà nínú rẹ̀ lé díẹ̀ ní 190 lítà; bí a bá fi dígí, òkúta, yanrìn, tábìlì ìsàlẹ̀ àti omi tí ó wà nínú àpótí kékeré abẹ́ rẹ̀ kún un, gbogbo rẹ̀ ju 300 kílò lọ, lórí àjà kẹta, nínú ilé àtijọ́ tí ó jẹ́ pákó ni ó gbé ilẹ̀ rẹ̀ ró. Ẹni tí ó bá ti fi pákó sọdá gọ́tà rí mọ̀ pé bí ènìyàn bá dúró láàrin, pákó á tẹ̀. Bí ó bá dúró létí, kò ní mì. Igun ni etí pákó ilé náà. Síbẹ̀ kò gbẹ́kẹ̀ lé òye ara rẹ̀. Ó pe ọ̀mọ̀lé wá wo ilẹ̀ náà kí ó tó gbé ohunkóhun kalẹ̀.

Igun ní wàhálà tirẹ̀. Ọwọ́ kì í dé ẹ̀yìn pátápátá, ìdọ̀tí sì máa ń sá pamọ́ sí ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni omi ti ń dákẹ́. Nítorí náà ẹ̀yìn yẹn gan-an ni ó gbé òpó ìṣàn sí: omi ojú òkè á ṣàn wọ inú òpó náà, á sọ̀ kalẹ̀ sínú àpótí kékeré tí ó wà nínú tábìlì, ẹ̀rọ á sì tì í padà sókè. Ẹ̀rọ kékeré méjì mìíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì tí ń ti omi síra wọn, kí ó má baà sí ibi kankan tí yóò dá wáí. Ó fi àyè sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sílẹ̀ láàrin dígí àti ògiri. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rinrin á mú ògiri hu èbu. Gbogbo okùn iná ni ó jẹ́ kí ó tẹ̀ wálẹ̀ kọjá ibi tí wọ́n ti ń kì í bọ ògiri, kí omi tí ó bá ń tọ okùn bọ̀ kán sílẹ̀ dípò kí ó wọnú iná.

Nínú àpótí ìsàlẹ̀ ni ẹ̀rọ tí Faransé ń pè ní écumeur wà. Ó ń da afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ pọ̀ mọ́ omi. Ìdọ̀tí á lẹ̀ mọ́ ìhó, ìhó á gun òkè, á sì dà sínú ife kan. Ẹni tí ó bá ti dúró létí òkun ní Sèmè lẹ́yìn ìjì ti rí irú ìhó bẹ́ẹ̀ tí ìgbì ń tì sórí yanrìn. Ohun tí ìgbì ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni ó ń fi iná ṣe.

Omi dídùn ni a kọ́kọ́ pọn kún un, láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn náà ó yọ okùn ẹ̀rọ kúrò lára iná lójijì. Omi òkè ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń kún nìṣó nínú àpótí ìsàlẹ̀; mo ti di aṣọ ìnulẹ̀ mú. Nígbà tí ó ku bí ìka mẹ́ta kí ó kún dé ẹnu, ó dúró. Ó ní àyè tí òun fi sílẹ̀ nìyẹn fún ọjọ́ tí iná bá lọ. Ní ilé wa, kò bá má ti nílò láti yọ okùn. Iná fúnra rẹ̀ ì bá ti dán an wò kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Omi ẹ̀rọ Paris kò ṣe é lò bí ó ṣe wà, nítorí nitrate àti àwọn nǹkan mìíràn tí ó wà nínú rẹ̀. Ó sẹ́ ẹ kọjá nínú awọ kan tí ihò rẹ̀ kò ju èyí tí omi lásán lè gbà lọ, díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ méjì gbáko. Iyọ̀ ìsebẹ̀ náà kò ṣe é. Iyọ̀ tí wọ́n pò kí ó rí bí ti òkun ni, tòun ti calcium àti magnésium. Nǹkan bí kílò mẹ́sàn-án ni ó lọ sí i, títí ìwọ̀n yóò fi jẹ́ gíráàmù 35 nínú lítà kan, pẹ̀lú ooru 25 lórí ìwọ̀n. Láti ọjọ́ náà lọ, omi dídùn nìkan ni ó ń bù sí i láràárọ̀ láti dípò èyí tí afẹ́fẹ́ gbé lọ. Mo rò pé ó gbàgbé iyọ̀ ni. Ọmọbìnrin rẹ̀ ni ó tọ́ mi sọ́nà: omi ni ó ń lọ, iyọ̀ kì í lọ. Àwọn obìnrin Djègbadji lẹ́bàá Ouidah, tí wọ́n ń se omi iyọ̀ títí yóò fi gbẹ nínú ìkòkò, ì bá ti rẹ́rìn-ín mi.

Ọjọ́ tí ó to òkúta ni mo lóye ohun tí ó ń ṣe.

Àwọn òkúta náà fúyẹ́, wọ́n kún fún ihò. Ó kọ́kọ́ gbé àwọn ńlá lé orí dígí ìsàlẹ̀ kí ó tó da yanrìn yí wọn ká, kí ẹranko tí ń wa yanrìn má baà wó wọn lulẹ̀. Kò tò wọ́n bí ògiri. Ó ń gbé wọn lé ara wọn ní ìdákọjá, ó ń fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, ó ń fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn, ó ń tẹ̀ wò bóyá omi yóò gbà láàrin. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe é bí ẹni tí ó ti ṣe é rí. Mo bi í pé ta ni ó kọ́ ọ. Ó ní, "Acadja ni, Tonton."

Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀ máa ń gbé e wọ ọkọ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ lọ sí Aguégués láti ra ẹja tí wọ́n ń yan tà. Ọ̀pọ̀ nínú yín mọ acadja: ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja rì mọ́ ilẹ̀ ọ̀sà, tí wọ́n fi sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ẹ̀ka náà á hu ohun tútù yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀ lára, kòkòrò omi á bá a, ẹja á tẹ̀lé kòkòrò, wọ́n á fi ibẹ̀ ṣe ilé. Kò sí ẹni tí ń gbé ẹja lọ sínú acadja. Ẹni tí ó bá rì í lónìí tí ó ń fẹ́ pẹja lọ́la, ẹ̀ka igi ni yóò kó wálé.

Ohun tí ó sì ṣe nígbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó sọ ọ́ fún mi láìgbójú sókè. Ó pọn omi ní ọjọ́ Àìkú, ó ra ẹja mẹ́fà ní Ọjọ́bọ̀, nítorí ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ ni. Ẹni tí ó tà á fún un kò bi í ní ìbéèrè kan. Ọmọ náà sọ ẹja ní orúkọ àwọn ará ilé tí kò tíì fojú rí ní Àjàṣẹ́. Èyí tí ó tóbi jù ni ó pè ní Màmá Àgbà. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó ṣẹ́ kù ń di ammoniac, májèlé tí ń jó ẹja ní ìjàgbá. Nínú omi tí ó ti gbó, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan máa ń sọ ammoniac di nitrite, àwọn mìíràn á sọ nitrite di nitrate tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ẹja níbi. Nínú omi ọjọ́ mẹ́rin, àwọn kòkòrò náà kò tíì sí. Àwọn ẹja náà ń gun òkè omi, wọ́n ń la ẹnu. Láàrin ọjọ́ mẹ́wàá, ó kó gbogbo wọn. Màmá Àgbà ni ó kú kẹ́yìn, lójú ọmọ náà, ní àárọ̀ tí bàbá rẹ̀ kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Ó bi ìyá rẹ̀ bóyá kí wọ́n pe Àjàṣẹ́ láti mọ̀.

Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kejì yìí, edé tútù kan ni ó sọ sínú omi tí ó fi í sílẹ̀ kí ó jẹrà. Ó ń rùn díẹ̀. N kò purọ́. Ọmọ náà ni ó ń wọn omi ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, tí ó ń kán oògùn sínú ìgò kékeré tí ó ń wo àwọ̀ rẹ̀, tí ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ammoniac gòkè. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, nitrite gba ipò rẹ̀. Ohun aláwọ̀ ilẹ̀ kan bo yanrìn, mo ní ó ti bàjẹ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń rí. Lójoojúmọ́ a ń jókòó níwájú omi tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan ní Paris nígbà tí mo wà níbẹ̀. Omi òfìfo yẹn ni mo wò jù.

Ọ̀rọ̀ páànù ṣì wà nílẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo ní kí ó ṣírò iye tí ó ti ná sórí àpótí yìí fún mi. Kò bínú. Ó gbé ìwé kan wá. Ojú ewé òsì ni ti àpótí: ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó rà ní àlòkù, láàrin ọdún méjì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1.600 euro, èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù kan owó CFA. Ojú ewé ọ̀tún ni owó tí ó fi ránṣẹ́ sílé. Ó gùn ju ti òsì lọ dáadáa. Ó ti fi owó páànù ránṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́ di owó ilé ìwòsàn. Ti ẹ̀ẹ̀kejì di owó ìsìnkú kan nínú ẹbí, orúkọ ẹni tí ó sì gba owó náà ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èmi ni. Mo ti gbàgbé pátápátá. N kò tilẹ̀ bi í nígbà náà bóyá ó ní nǹkan mìíràn tí ó fẹ́ fi owó náà ṣe. Mo pa ìwé náà dé, mo dá a padà fún un, a kò sì sọ̀rọ̀ náà mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ammoniac àti nitrite di òdo. Ọmọ náà ní kò gbà á gbọ́, ó tún un wọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ keje, tí ó kù díẹ̀ kí n padà, wọ́n kó ìgbín òkun márùn-ún sí i láti jẹ ewéko ara dígí, àti ègé iyùn kékeré mẹ́ta, tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Kì í ṣe inú òkun ni wọ́n ti fà á ya. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ń sin iyùn ni ó gé e fún un, bí a ṣe ń gé igi ẹ̀gẹ́ gbìn. Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkúta. Ọjọ́ kìíní, wọ́n pa ara wọn dé. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ọmọ náà wá jí mi. Nínú ìmọ́lẹ̀ aró yẹn, ọ̀kan nínú wọn ti la gbogbo ọwọ́ rẹ̀.

A pe Àjàṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, lórí fóònù tí ń fi ojú hàn. Ọmọ náà gbé fóònù náà sún mọ́ dígí, ó ń yí i ká. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ni ó rì acadja sínú yàrá yẹn?" Ọmọ wọn kò lè dáhùn, ó yí ojú sí ògiri. Wọ́n bèèrè ibi tí ẹja wà. Ọmọbìnrin náà ní kò tíì tó àkókò, ó di oṣù tí ń bọ̀, méjì péré ni yóò sì jẹ́.

"Láti ọjọ́ tí ẹ ti pọn omi, ẹ kò tíì ní ẹja kan?"

"Rárá, Màmá Àgbà."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí wọ́n gbé fóònù náà fún mi, wọ́n sì bi mí léèrè ibi tí ọ̀rọ̀ páànù dé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n délé ná. Ó ní ohun tí èmi fúnra mi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san.